Owó ìrànwọ́ ìjọba lórí ajílẹ̀: ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ kà á, ẹ bèèrè rẹ̀



Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ máa ń gbọ́ ní ìpàdé, tí ẹ sì ń rí nínú ìwé ìjọba: subvention. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Owó ìrànwọ́ ni. Ìjọba á san apá kan lára iye ọjà, àgbẹ̀ á san èyí tó kù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní àpò ajílẹ̀ oníkílò 50 jẹ́ 20.000 fáráńkì. Bí ìjọba bá san 8.000, èló ló kù fún àgbẹ̀? 12.000 ni. Bí ẹnì kan bá wá gba 16.000 lọ́wọ́ yín ńkọ́? Ó ti jẹ 4.000 yín. Lórí àpò márùn-ún, 20.000 ti lọ.

Níbo ni ìjọba ti rí owó náà? Owó orí, owó bodè, owó TVA tó wà lórí sìmẹ́ńtì àti páànù tí ẹ ń rà, ibẹ̀ ló ti wá. Nítorí náà, kì í ṣe sàráà. Owó gbogbo wa ni.

Kí ló dé tí ìjọba fi ń san án? Òkèèrè ni ajílẹ̀ ti ń wá. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Ukraine ní 2022, ajílẹ̀ wọ́n káàkiri ayé. Bí àgbẹ̀ nìkan bá ru ẹrù yẹn, ọ̀pọ̀ kò ní rà á. Àgbàdo á dínkù lóko, á wọ́n lọ́jà, ebi á sì pa tọlọ́jà tòǹrajà.

Ṣùgbọ́n ìrànwọ́ kì í kárí bákan náà. Fún ọdún púpọ̀, ọ̀nà òwú ni ajílẹ̀ ìjọba ń gbà wọlé. Àwa tí a ń gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ń wò ó lókèèrè. Ní 2008, nígbà tí oúnjẹ wọ́n gidigidi, ìjọba dá ètò PUASA sílẹ̀ láti fi irúgbìn àti ajílẹ̀ ran àwọn tó ń gbin oúnjẹ lọ́wọ́. Ní 2014, wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ FNDA. Ilẹ̀kùn mẹ́ta ló ní: owó ìrànwọ́ fún irinṣẹ́ àti ilé iṣẹ́ oko, ìmọ̀ràn àti ẹ̀kọ́, àti ìrànwọ́ kí àgbẹ̀ lè rí owó yá ní báńkì. Ẹni tí kò mọ ilẹ̀kùn kò lè kàn án.

Ẹ wo ara àpò ajílẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá rí 14-23-14-5-1, ajílẹ̀ òwú ni wọ́n pò bẹ́ẹ̀. Ẹ bi òṣìṣẹ́ ATDA léèrè èyí tó bá àgbàdo yín mu.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Oṣù kẹta sí oṣù kẹrin ni a ń gbin àgbàdo òjò àkọ́kọ́. Ajílẹ̀ tó dé nígbà tí àgbàdo ti yọ irùngbọ̀n, ó ti pẹ́. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ yín kọ iye àpò tí ẹ fẹ́ sílẹ̀ kí òjò tó dé, kí ẹ sì gbé ìwé náà lọ.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta:

Èkíní: ẹ béèrè iye tí ìjọba fọwọ́ sí, kí ẹ sì fi ojú ara yín kà á.

Èkejì: ẹ gbé àpò sórí òṣùwọ̀n. Ṣé ó pé kílò 50?

Ẹ̀kẹta: ẹ gba rìsíìtì. Kí iye tó wà nínú rẹ̀ bá iye tí ẹ san mu.

Bí kò bá bára mu, kí ẹnì kan má lọ dá jà. Ẹ kó rìsíìtì yín jọ, kí gbogbo ẹgbẹ́ gbé e lọ sí kọ́múùnù. Ọ̀rọ̀ ẹnu lè fò lọ. Èyí tí a kọ sílẹ̀, ó wà níbẹ̀. Ẹ ti mọ̀wé kà báyìí. Ẹ fi ṣọ́ owó yín.