Omi àti Iyọ̀ Inú Ara: Ìwọ̀n tí Aláààwẹ̀ Ní Láti Mọ̀

  

Ọ̀rọ̀ tí a ní kí n bá yín sọ jẹ mọ́ ààwẹ̀ àti ìlera. Àwọn àlùfáà wa ti ṣe àlàyé òfin ààwẹ̀ yanjú. Inú ara ni èmi yóò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá mọ ohun tí ń lọ nínú ara rẹ̀ ni yóò mọ bí ìyọ̀ǹda tí Ọlọ́hun ṣe fún aláìsàn ti tóbi tó.

Bí ọkùnrin kan bá wọn kílò 70, nǹkan bí kílò 42 nínú rẹ̀ ni ó jẹ́ omi. Ìdá méjì nínú mẹ́ta omi yìí wà nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì, èyíinì ni àwọn yàrá tíńtìntín tí a fi kọ́ ara. Ìyókù wà lóde wọn. Kì í ṣe omi lásán. Sódíọ̀mù, tí ó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀, pọ̀ lóde sẹ́ẹ̀lì. Pọ́tásíọ̀mù, tí a ń rí nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀wà àti dàbínù, pọ̀ nínú wọn. Ibi tí iyọ̀ bá pọ̀ sí ni omi máa ń wọ́ lọ. Bí ìwọ̀n yìí bá dàrú, ọpọlọ lè wú tàbí kí ó súnkì, ọkàn sì lè máa lù ségesège. Nígbà tí mo bá ka ọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀n nínú Suratu Rahman, ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn lára mi ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ta ni ń ṣọ́ ìwọ̀n náà? Ibì kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tí ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò nígbà gbogbo. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ki ju bí ó ti yẹ lọ, bí ó tilẹ̀ ṣe pé ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni, òùngbẹ yóò dé, ibẹ̀ yóò sì rán họ́mónù, ìránṣẹ́ tí ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn, sí kíndìnrín pé kí ó fa omi padà. Kíndìnrín méjèèjì ń sẹ́ nǹkan bí lítà 180 láti inú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́, síbẹ̀ lítà kan sí méjì péré ni à ń tọ̀. Ìyókù ni wọ́n ń dá padà. Ìdí nìyí tí ìtọ̀ aláààwẹ̀ fi ń pọ́n tí ó sì ń dínkù bí ọjọ́ ti ń rọ̀. Ara onílera lè fara da èyí di ìṣínu.

Àwọn kan nínú wa a máa da omi sínú bí ẹni ń rọ àmù ní sààrì, kí ó lè gbé wọn di ìrọ̀lẹ́. Ènìyàn kò ní àmù nínú. Ràkúnmí pàápàá, ọ̀rá ni ó wà nínú iké rẹ̀, kì í ṣe omi. Èyí tí ó bá pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan náà, kíndìnrín yóò tì í jáde láàrin wákàtí díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa mu ún láti ìṣínu títí di sààrì, pẹ̀lú oúnjẹ.

Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ gbuuru àti èébì yàtọ̀. Ẹni tí àrùn onígbáméjì bá mú gidi lè pàdánù omi tó lítà kan láàrin wákàtí kan, iyọ̀ àti pọ́tásíọ̀mù yóò sì bá a lọ. Síbẹ̀ a ń rí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tí ó ti ń yàgbẹ́ láti ìdájí, tí ojú rẹ̀ ti jìn, tí kò tọ̀ mọ́, tí yóò máa wí pé ó ku wákàtí méjì kí oòrùn wọ̀. N kò ní fi bò: ìyẹn kì í ṣe ìbẹ̀rù Ọlọ́hun. Ìyọ̀ǹda wà nínú Suratul Bakarah, áyà 184 àti 185, pé kí aláìsàn san án padà ní ọjọ́ mìíràn.

Omi nìkan kò sì tó fún un. Ní ọdún 1971, nígbà ogun òmìnira Bangladesh, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn tí ogun lé dé Bangaon ní ilẹ̀ India. Omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára kò tó mọ́. Dókítà Dilip Mahalanabis ní kí wọ́n po iyọ̀, ṣúgà glúkóòsì àti sódà díẹ̀ mọ́ omi, kí àwọn ará ilé máa fún aláìsàn mu. Níbi tí nǹkan bí 30 nínú 100 ti ń kú, wọn kò pé 4 mọ́. Ṣúgà ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún iyọ̀ nínú ìfun, omi a sì tẹ̀lé wọn wọlé.

Ìyẹ̀fun ORS tí a ń tà ní ilé ìtajà oògùn ni ó dára jù, nítorí pọ́tásíọ̀mù wà nínú rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ wá lítà kan omi mímọ́, ṣíbí kékeré ṣúgà mẹ́fà, àti ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀, kí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí ṣíbí náà dọ́gba. Kí iyọ̀ má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpọ̀jù rẹ̀ lè pa ọmọdé. Bí aláìsàn bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún máa fún un ní díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá lè mu mọ́, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ní ti ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu, àti ẹni tí ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ń mú ènìyàn tọ̀, kí wọ́n lọ bá dókítà wọn kí Ràmàdáánì tó wọlé, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dákú tán.