Ta Ló Tì Wá?

Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ ní kí á sọ lónìí dá lórí ìdánwò nínú ìgbé-ayé Kristẹni.

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ìdánwò ni àwọn ọmọ wa ń ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́. Ìdánwò náà ni a ń pe àìsàn, àìríṣẹ́ ṣe, àti ìwé ìgbélùú tí kò tètè jáde. Bí ẹnì kan bá sì kó owó ẹgbẹ́ jẹ, a ó tún ní, “Ẹ má bínú sí i, ìdánwò ni.” Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ti ń tàn wá jẹ. Àwọn mìíràn ti ń lo ìdẹwò fún èyí tí ń fa ènìyàn sínú ẹ̀ṣẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Jákọ́bù ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ ní orí kìíní ìwé rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ orí náà, ó gbà wá níyànjú kí inú wa dùn bí ìṣòro tí ń dán ìgbàgbọ́ wò bá dé. Nígbà tí ó fi dé ẹsẹ 13 sí 15, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ di ẹ̀bi ru Ọlọ́run, nítorí ohun tí ọkàn olúkúlùkù ń fẹ́ ni ó ń fà á lọ. Ó fi í wé oyún: ìfẹ́ a lóyún, a bí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ náà a dàgbà, a sì bí ikú. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò dárúkọ èṣù ní ẹsẹ wọ̀nyí. Nígbà tí ó dárúkọ rẹ̀ ní orí kẹrin, ohun tí ó sọ ni pé kí á má gbà fún un.

Ṣùgbọ́n àwa a máa di ẹrù lé èṣù lórí. Bí ọkọ bá ní obìnrin níta, iṣẹ́ èṣù ni. Bí ọmọ bá jí nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ èṣù ni, tàbí kí á ní ọwọ́ ayé ni. (Àwọn bàbá wa tí wọ́n ń bọ Èṣù kò kà á sí Sàtánì o, àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ló lo orúkọ náà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Kì í ṣe àwa ni a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ádámù na ìka sí Éfà, Éfà na ìka sí ejò. Èyí tí ń pa wá lẹ́rìn-ín jù ni ti Áárónì nínú Ẹ́kísódù 32. Ní ẹsẹ 4, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ṣe ère ọmọ màlúù. Nígbà tí Mósè bi í léèrè, ẹsẹ 24, ó ní òun kàn ju wúrà sínú iná ni, ọmọ màlúù sì jáde. Bí ẹni pé iná mọ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ! Sọ́ọ̀lù ní àwọn ènìyàn ló dá àgùntàn sí. Dáfídì, tí ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ burú jọjọ, kò sọ fún Nátánì pé obìnrin náà ló wẹ̀ níbi tí ojú òun tó o. Ó gbà pé òun ṣẹ̀, ó sì parí síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú un wálé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń dá èsúsú. Bí ènìyàn 10 bá ń dá £200 lóṣù, £2,000 ni ẹni tó bá kó o yóò gbà. Ẹni tó kọ́kọ́ kó o, £1,800 ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ tí yóò san fún oṣù mẹ́sàn-án, kò sì sí ìwé àdéhùn kankan bí kò ṣe ojú tí a mọ ara wa. Ní oṣù keji, ó ní ọ̀sẹ̀ kan péré ni kí wọ́n fún òun. Ní oṣù kẹta, ó san ààbọ̀. Ní oṣù kẹrin, kò gbé fóònù mọ́. Oyún tí Jákọ́bù wí nìyẹn. Ní gbogbo àsìkò yìí, ìyá kan wà tí ó gbẹ̀yìn nínú kíkó, owó iṣẹ́ abẹ bàbá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ni ó ń retí. Òun ni àwọn àgbà yóò wá bẹ̀ pé kó fọwọ́ wọ́nú, pé ìdánwò ni. Ta ló dán wò nínú àwọn méjèèjì?

A kò sọ pé ìnira kò sí. Owó ilé wọ́n, iṣẹ́ méjì ni àwọn mìíràn ń ṣe, àwọn ará ilé sì ń pè láti Nàìjíríà. Ìwé Kọ́ríńtì Kìíní 10:13 fi yé wa pé Ọlọ́run a máa pèsè ọ̀nà àbáyọ. Ẹsẹ̀ tí a ó fi rìn ín, tiwa ni. Gbogbo wa mọ ìtàn Jósẹ́fù, bí ó ti fi ẹ̀wù sílẹ̀ tó sá lọ. Àmọ́ Jẹ́nẹ́sísì 39:10 ni a kì í kà dáadáa: lójoojúmọ́ ni ó ti ń kọ̀, kò tilẹ̀ fẹ́ wà lọ́dọ̀ obìnrin náà. Sísá ọjọ́ yẹn kò bá a lójijì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tẹ́tẹ́ orí fóònù ni a fẹ́ fi bá yín wí i. Láti oṣù kẹrin ọdún 2020, òfin kò gbà kí ènìyàn fi káàdì ìyáwó ta tẹ́tẹ́ ní Bìrìtìkó mọ́, ṣùgbọ́n owó oṣù yín ṣì wà ní àrọ́wọ́tó. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tí ń jẹ́ GAMSTOP. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ ń ti ara rẹ̀ mọ́ta lọ́dọ̀ àwọn onítẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní ìwé-àṣẹ ní Bìrìtìkó, fún oṣù 6, ọdún 1 tàbí ọdún 5, kò sì lè yí i padà kí àsìkò náà tó pé. Ọ̀pọ̀ báńkì náà ní bọ́tìnnì tí a lè fi dí owó tẹ́tẹ́. Àwọn kan ní àdúrà ló yẹ, kì í ṣe fọ́ọ̀mù. Ẹ gbàdúrà, ẹ sì kún fọ́ọ̀mù. Jósẹ́fù kò dúró gbàdúrà nínú yàrá yẹn.

Lẹ́yìn ìpàdé yìí, a ó jókòó ní yàrá ẹ̀yìn títí di aago mẹ́fà. Ẹni tó bá fẹ́ kí á bá òun forúkọ sílẹ̀ lórí fóònù rẹ̀, kó wá. A kò ní bi í léèrè iye tó ti pàdánù.