ÒFIN TÍ A LÈ GBẸ́KẸ̀LÉ NI ÌPÌLẸ̀ ỌRỌ̀ ÌLÚ



Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìlọsíwájú, ọ̀nà, omi ẹ̀rọ àti ilé ìwé ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ojú kì í rí, tí ó sì ń gbé gbogbo wọn ró: òfin tí ó dúró ṣinṣin, àti kóòtù tí mẹ̀kúnnù lè gbẹ́kẹ̀lé. Igi kòkó a máa lo ọdún 3 sí 5 kí ó tó so. Ta ni yóò gbìn ín sí ilẹ̀ tí ẹlòmíràn lè gbà lọ́la? Ta ni yóò sì yá àgbẹ̀ lówó lórí ilẹ̀ tí a kò mọ ẹni tí ó ni ín?

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ méjì. Èkíní ṣẹlẹ̀ ní Èkó. Ní ọdún 1913, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ ní Àpápá. Olóyè Amodu Tijani, tí í ṣe Olúwa, gbé ẹjọ́ náà dé ìgbìmọ̀ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1921, ìgbìmọ̀ náà dá a láre pé àwọn ará ìlú ni wọ́n ni ilẹ̀ náà, àti pé ìjọba gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ fún wọn. Òfin ni ó fi jà, kì í ṣe idà.

Èkejì ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Ní 1968, owó orí àti ìwà àwọn agbowó orí sú àwọn àgbẹ̀. Wọ́n ké, wọn kò rí ẹni gbọ́ wọn lásìkò. Ẹ̀yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀ ni ìjọba tó gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí Adájọ́ Ayoola kalẹ̀. Ní September 1969, àwọn Àgbẹ́kọ̀yà já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi. Ní October, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wá bá Táfà Adéoyè sọ̀rọ̀ ní Àkànrán, owó orí sì wálẹ̀ sí £2. A rí ohun tí a béèrè gbà, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kú kò jí mọ́.

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ojú ìjà bọ̀ kì í ṣọ̀rẹ́ bákan náà, ẹlòmíràn kì í sì í bọ̀ rárá.

Lónìí, ìlú Ìbàdàn ń gbòòrò bọ̀ wá sí oko wa. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà fún àǹfààní gbogbo ènìyàn, ó sì dá ẹ̀tọ́ àgbẹ̀ tí ó ti ń ro oko rẹ̀ tẹ́lẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tí kò sí lákọsílẹ̀ ṣòro láti fi hàn níwájú adájọ́. Nítorí èyí ni a fi ń rí ilẹ̀ kan tí a tà fún ẹni méjì, tí ẹjọ́ rẹ̀ ń falẹ̀ lọ́dún dé ọdún, tí koríko sì ń hù níbi tí ó yẹ kí ire hù.

Nítorí náà, a bẹ gbogbo ìdílé: ẹ pe awọnlẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà tí ó mọ ààlà ṣì wà láàyè. Ẹ má ṣe ta ilẹ̀ láìsí ìfọwọ́sí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí, kí ìwé àti ẹlẹ́rìí sì wà. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ jẹ́ agbẹjọ́rò, ẹ wá la àwọn òbí yín lóye. Kí gbogbo wa sì fi ohùn kan béèrè lọ́wọ́ ìjọba pé kí ẹjọ́ ilẹ̀ máa tètè parí.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìlú wa tòrò. Àṣẹ.