Ẹ Jẹ́ Kí Iṣẹ́ Bá Ara Mu
Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìlera sọ ní ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ ìlú wa

  

Ní irú ìpàdé báyìí, ọ̀rọ̀ ọ̀nà, omi, iná mànàmáná àti ilé-ẹ̀kọ́ ni a sábà máa ń sọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Lónìí, a bẹ̀ yín kí ẹ fún wa láyè díẹ̀ láti sọ̀rọ̀ nípa ohun ìní kan tí gbogbo wa ní, olówó àti tálákà, tí owó ẹgbẹ́ kò sì lè rà padà bí ó bá bàjẹ́. Ohun ìní náà ni ara tí a fi ń ṣiṣẹ́: ẹ̀yìn, èjìká, orúnkún àti ọrùn ọwọ́ wa.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a wá kọ́ ọmọ ìlú ní ìmẹ́lẹ́. Ìlú tí kò bá ṣiṣẹ́ kò lè jẹun. Ohun tí a wá sọ ni pé iṣẹ́ ni ó yẹ kí a gé bá ara mu, gẹ́gẹ́ bí aránṣọ ti í gé aṣọ bá ara ẹni tí yóò wọ̀ ọ́. Kò yẹ kí a máa gé ara bá iṣẹ́ mu. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn nítorí pé ọkọ́ rẹ̀ kúrú, tàbí nítorí pé ààrò rẹ̀ wà nílẹ̀, tàbí nítorí pé ẹrù rẹ̀ ju agbára ènìyàn kan lọ, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ẹni tí ayé ta lọ́fà. Ohun èlò rẹ̀ ni kò bá a mu.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1700, oníṣègùn ará Ítálì kan, Bernardino Ramazzini, tẹ ìwé kan jáde ní ìlú Modena lórí àrùn tí iṣẹ́ ọwọ́ ń dá sí àwọn oníṣẹ́ lára. Ó gba àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ rẹ̀ níyànjú pé bí aláìsàn bá dé iwájú wọn, kí wọ́n má ṣe gbàgbé láti bi í léèrè irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ó kọ nípa àwọn tí ń ru ẹrù, ó sì kọ nípa àwọn akọ̀wé tí ń jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí wọ́n ń lo ọwọ́ kan náà láìsinmi. Ní ọdún 1857, ọ̀mọ̀wé ará Pólàǹdì kan, Wojciech Jastrzębowski, mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì, èkíní túmọ̀ sí iṣẹ́, èkejì sí òfin, ó sì fi wọ́n sọ ìmọ̀ náà lórúkọ. Ohun náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ergonomics.

Àwọn baba wa pàápàá kò ṣàìmọ̀ ọ́n. Kí ni òṣùká, bí kò ṣe ohun tí a fi ń tẹ́ ẹrù dọ́gba kí ó má baà gún àtàrí? Obìnrin tí ó dúró ní etí odò, tí ó ń bẹ ẹni tí ń kọjá pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé e rù,” kì í ṣe aláìlágbára. Ó mọ̀ pé ìgbà tí ẹrù bá ń kúrò nílẹ̀ bọ̀ wá sórí gan-an ni ó léwu jù. Kí sì ni àáró àti ọ̀wẹ̀, bí kò ṣe pé iṣẹ́ tí ìbá dá ẹnì kan dùbúlẹ̀ ni a pín fún ènìyàn púpọ̀? Àwọn àgbà náà ni wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í ni ni lára.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí ẹ̀yìn ti ń bàjẹ́. Egungun kéékèèké tí a tò léra ni ó di ọ̀pá ẹ̀yìn. Láàárín egungun kan àti èkejì ni ohun kan wà tí ó rọ̀ bí tìmùtìmù, tí kì í jẹ́ kí egungun gún egungun. Iṣan ni ó fa gbogbo rẹ̀ ró. Nígbà tí ènìyàn bá nàró, ara rẹ̀ wà ní ìdọ́gba. Bí ó bá tẹ̀ síwájú, iṣan ẹ̀yìn ni yóò máa fa orí, èjìká àti àyà rẹ̀ padà kí ó má baà dojúbolẹ̀. Bí ó bá tún na ọwọ́ gbé nǹkan, ìnira náà á di ìlọ́po. Ẹni tí kò bá gbà wá gbọ́, kí ó gbé garawa omi kan mọ́ àyà, lẹ́yìn náà kí ó na ọwọ́ rẹ̀ síwájú. Omi kò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n apá yóò sọ fún un pé ó ti wúwo sí i. Bí a bá tún yí ìbàdí pọ̀ nígbà tí ẹrù wà lọ́wọ́, tí a sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ láìsinmi, iṣan á ya, tìmùtìmù náà á yọ kúrò ní ipò rẹ̀, ìrora á sì máa gba itan sọ̀kalẹ̀ dé ẹsẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fi yé wa pé ní ọdún 2020, ènìyàn mílíọ̀nù 619 ni ẹ̀yìn dídùn bá jà káàkiri ayé, àti pé kò sí àìsàn mìíràn tí ó ń sọ ènìyàn di aláìlèṣiṣẹ́ tó o. Kí ni àwa ń ṣe sí i? A ń pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí, a sì ń mu agbo tí a fi ọtí rẹ. Àwọn mìíràn ń gbé oògùn apàrora mì kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́, kí wọ́n lè ru ohun tí ara ti kọ̀. Ẹ̀yin ará, ìrora ni ajá tí ń ṣọ́ ilé ara. Ẹni tí ó bá pa ajá rẹ̀ nítorí pé gbígbó rẹ̀ kò jẹ́ kí òun sùn, olè ni ó ṣílẹ̀kùn fún.

Ẹ wo àwọn ìyá wa tí ń ṣe gàrí. Orí àpótí kúkúrú ni wọ́n ń jókòó sí bó ẹ̀gẹ́, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Bí wọ́n bá dé ìdí agbada, ilẹ̀ ni ààrò wà. Iná ń jó wọn níwájú, ẹ̀fín ń wọ̀ wọ́n lójú, ọwọ́ kan náà ni wọ́n sì fi ń rò ó fún wákàtí púpọ̀. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Òṣòdì, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1956, ti ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ gàrí, ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan kí a dúró de ẹ̀rọ olówó ńlá. Amọ̀ àti bíríkì tó láti gbé ààrò sókè dé ìbàdí, kí ìyá wa lè dúró tàbí kí ó jókòó sórí àga gíga. Kí ẹnu ààrò wà ní ẹ̀yìn ògiri, kí ẹ̀fín lè gba ìta lọ. Kí ohun tí a fi ń rò ó ní igi gígùn. Kí a fi jáàkì fún omi ẹ̀gẹ́ dípò òkúta ńláńlá tí à ń gbé lé àpò.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ gbọ́ ìtàn kan. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ọkọ́ tí igi rẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ ni àwọn alágbàṣe, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Mẹ́síkò, fi ń ro oko ewébẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn olóko ní bí kì í bá ṣe ọkọ́ kúkúrú, iṣẹ́ náà kò lè dára. Àwọn dókítà jẹ́rìí pé ọkọ́ náà ń ba ẹ̀yìn jẹ́ láìtọ́jọ́. Ní ọdún 1975, a fi òfin dè é. Àwọn òṣìṣẹ́ gba ọkọ́ onígi gígùn, iṣẹ́ ń lọ, oko kò sì pa run. Àwa mọ̀ pé ebè kíkọ lè má gba igi gígùn bí oko ríro. Síbẹ̀, kí àgbẹ̀ àti alágbẹ̀dẹ jọ jókòó, kí wọ́n dán an wò fún oko ríro. Ẹni tí ó bá sì kọ ebè láàárọ̀, kí ó fi iṣẹ́ ìdúró ṣe ti ọ̀sán, kí ẹ̀yìn lè sinmi.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kan àwa fúnra wa. Nígbàkúùgbà tí ẹgbẹ́ bá ń kọ́lé fún ìlú, àwọn ọ̀dọ́ wa ní í ru sìmẹ́ǹtì. Àpò kan jẹ́ kílógírámù 50. Bí ọ̀dọ́ kan bá ru àpò 2 lẹ́ẹ̀kan, a máa ń pàtẹ́wọ́, a sì máa ń kì í ní oríkì. Ẹ jẹ́ kí a ronú. Ní ọdún 1967, Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé dá a lábàá pé ẹrù tí ọkùnrin tí ó ti dàgbà yóò máa gbé kò gbọdọ̀ ju kílógírámù 55 lọ. Ìlànà tí a ń lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí kéré sí i gidigidi: kílógírámù 25 fún ọkùnrin àti 16 fún obìnrin, nígbà tí ẹrù bá wà ní ìbàdí tí ó sì sún mọ́ ara. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ni a ti ń gbé e, ti ọkùnrin yóò wálẹ̀ sí 10. Nítorí náà ni àpò sìmẹ́ǹtì wọn fi jẹ́ kílógírámù 25. Oríkì tí a kì fún ọ̀dọ́ wa lónìí kò ní bá a san owó dókítà nígbà tí ó bá pé ẹni ogójì ọdún. Ní ti àwọn ọmọdé, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa kọ̀ ọ́ pátápátá pé kí a gbé ẹrù tí ó lè dí ìdàgbàsókè wọn lọ́wọ́ lé wọn lórí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ oṣù ní Nàìjíríà, ẹ mọ̀ pé Òfin Ẹ̀san fún Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 wà fún yín. Agbanisíṣẹ́ ní í san owó sí àpò àjọ NSITF, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá ṣe yín léṣe, ẹ sọ fún agbanisíṣẹ́ yín kí ọjọ́ 14 tó pé, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n aláàárù ọjà àti ìyá onígàrí kò ní agbanisíṣẹ́ tí yóò san owó yìí fún wọn. Bí ẹgbẹ́ ìlú kò bá dúró fún wọn, ta ni yóò dúró?

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní ìlú òyìnbó, a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tàbí tí ẹ ń tọ́jú àwọn arúgbó, tàbí tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí. Owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sílé, ẹ̀yìn yín ni ó ti ń jáde. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1992 pa á láṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ yẹra fún gbígbé ẹrù eléwu bí ó bá ti ṣeé ṣe, kí ó yẹ èyí tí kò ṣeé yẹra fún wò, kí ó sì dín ewu rẹ̀ kù. Ẹ̀rọ wà tí a fi ń gbé aláìsàn kúrò lórí ibùsùn. Ẹ béèrè fún un. Iṣẹ́ tí ó bá gba ẹni méjì, ẹ má ṣe dá a ṣe nítorí pé òṣìṣẹ́ kò pé. Bí ẹ bá farapa, ẹ má ṣe bò ó mọ́lẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù. Ilé kò fẹ́ owó tí yóò sọ yín di arọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó ṣiṣẹ́, aránṣọ, awakọ̀ àti akọ̀wé tí ń lo kọ̀ǹpútà, ìjókòó pípẹ́ náà jẹ́ ẹrù. Kí ẹsẹ̀ yín tẹ́ ilẹ̀, kí ẹ̀yìn rí ohun fara tì, kí iṣẹ́ wà ní ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ sì máa dìde nàró lóòrèkóòrè. Ẹni tí ẹ̀yìn bá ń dùn, kí ó má ṣe dùbúlẹ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́. Kí ó máa rìn díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá rọ, bí abẹ́ bá kú, bí ènìyàn kò bá lè kó ìtọ̀ tàbí ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ ní ìjánu, tàbí bí ibà bá bá a rìn, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ohun mẹ́ta ni a fi síwájú ìpàdé yìí. Èkíní, kí ẹgbẹ́ kọ́ ààrò gíga kan fún àpẹẹrẹ níbi tí àwọn ìyá wa ti ń dín gàrí, kí àwọn fúnra wọn sọ ibi tí yóò ga dé. Èkejì, kí a ra ọmọlanke sí ọjà, tí aláàárù yóò máa fi owó díẹ̀ yá lò. Ẹ̀kẹta, láti òní lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá ru odidi àpò sìmẹ́ǹtì níbi iṣẹ́ ìlú. Kí ẹni méjì gbé e, tàbí kí a fi bárò tì í. Kò sí èyí tí ó wọ́n tó owó ìwòsàn ẹnì kan ṣoṣo.

Gbọ̀ngàn ìlú yóò parí lọ́jọ́ kan, nípa agbára Ọlọ́run. Ìfẹ́ wa ni pé kí àwọn tí ó kọ́ ọ lè fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wọ inú rẹ̀, kí wọ́n jó níbẹ̀, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ kí Kábíyèsí láìsí pé a ń fa wọ́n dìde. Kí ìlú wa ó tùbọ̀ máa gbèrú. Àṣẹ.