Ọjọ́ Kan Ní Èbúté Salvador: Ọ̀rọ̀ Lórí Oòrùn, Ìbòòji àti Igi Odán Ọjà Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ ọdọọdún ẹgbẹ́)

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí á sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó bá wù wá. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni a mú wá, èyí tí àwa mẹ́rin nínú ọmọ ẹgbẹ́ yìí lò ní èbúté Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bàhíà, ilẹ̀ Bràsíl, ní oṣù kìíní ọdún 2019. A ní ìdí tí a fi mú ọjọ́ náà. Ẹ ó gbọ́ ọ ní ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ wa.

Ọkọ̀ tí a wọ̀ kì í ṣe ọkọ̀ ẹrù. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ ni, tí í máa gbé èrò láti èbúté dé èbúté. Bí ó bá gúnlẹ̀ ní òwúrọ̀, èrò a sọ̀kalẹ̀ lọ wo ìlú; bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, wọn a padà, ọkọ̀ a sì ṣí. Kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ ni a gúnlẹ̀, wọ́n sì kìlọ̀ fún wa pé kí ẹsẹ̀ gbogbo èrò ti pé nínú ọkọ̀ kí ó tó di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Orí omi ni a ti kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ sí wa lára, ara tù wá, a sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni orí ilẹ̀ yóò rí. A gbàgbé pé nígbà tí ọyẹ́ ń mú nílé ni oòrùn ń ràn jùlọ ní Bàhíà, nítorí ìhà gúúsù ayé ni ìlú náà wà. Bàbá tí ó dàgbà jùlọ nínú wa, ẹni ọdún 74, gbé agbádá sányán wọ̀, ó dé fìlà rẹ̀, ó ní kí àwọn ará Bàhíà lè mọ̀ pé ọmọ ilé ni ó dé. A yìn ín gidigidi. Kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó mú omi dání.

Ìlú méjì lórí ara wọn ni Salvador. Àwọn Pọtogí tẹ̀ ẹ́ dó ní ọdún 1549, ó sì jẹ́ olú-ìlú Bràsíl títí di ọdún 1763. Ìsàlẹ̀ ìlú wà létí omi, níbi tí èbúté àti ọjà wà. Òkè ìlú wà lórí òkè gíga lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ilé tí í ṣe ilé àwọn aṣọ́bodè láyé àtijọ́ ni ọjà tí wọ́n ń pè ní Mercado Modelo wà. Láti ibẹ̀, ẹ̀rọ agbéniròkè kan wà tí wọ́n ń pè ní Lacerda. Ọdún 1873 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gíga rẹ̀ sì tó nǹkan bíi mítà 72. A san owó díẹ̀, kí a sì tó mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a ti wà lókè, gbogbo òkun sì tẹ́ sílẹ̀ níwájú wa bí ẹní.

Ọ̀dọ́mọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó mú wa rìn. Ó mú wa dé Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ tí òkúta wẹẹrẹ bo gbogbo ilẹ̀ rẹ̀. Ó sọ fún wa pé ìtumọ̀ orúkọ náà ni òpó tí a máa ń so ènìyàn mọ́ láti nà án lẹ́gba. A dákẹ́. Ó fi ṣọ́ọ̀ṣì Rosário dos Pretos hàn wá, èyí tí àwọn ẹrú àti àwọn dúdú tí ó ti gba òmìnira kọ́ fún ara wọn ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀ níbi iṣẹ́ olówó wọn. Ó sọ fún wa pẹ̀lú pé ní òru ọjọ́ kan ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn ẹrú àti àwọn tí ó ti ra ara wọn padà, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Mùsùlùmí láti ilẹ̀ Yorùbá, dìde ogun ní òpópó ìlú yìí. Malê ni wọ́n ń pè wọ́n, èyí tí í ṣe ìmàle ní ẹnu tiwa. Ogun náà kò yọrí. Ìjọba lé àwọn kan kúrò ní ìlú, àwọn mìíràn sì fi owó ara wọn wọ ọkọ̀ padà sí ilẹ̀ wa. Ara irú wọn ni àwọn Àgùdà tí ó tẹ̀dó sí Èkó. Àwọn mìíràn dúró nínú ìdè títí di ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1888, nígbà tí òfin fi òpin sí oko ẹrú ní Bràsíl.

Bí a ti ń gbọ́ ìtàn wọ̀nyí ni oòrùn dé àtàrí. Òkúta ilẹ̀ gbóná, ògiri gbóná, kò sì sí atẹ́gùn nínú òpópó tóóró wọ̀nyẹn. Nígbà tí a dé gbàgede tí wọ́n ń pè ní Terreiro de Jesus, a ṣàkíyèsí pé bàbá kò sọ̀rọ̀ mọ́. Kí a tó bi í léèrè, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. A sáré gbá a mú. Ojú rẹ̀ ti yí, awọ ara rẹ̀ tutù, òógùn sì bò ó. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n orí àgbà fúnra rẹ̀ ni ó wọ́ ní ọjọ́ náà, nínú ìlú tí a kò ti mọ ẹnìkan.

Ìyá kan jókòó sábẹ́ igi ńlá kan nítòsí, ó wọ aṣọ funfun, ó wé gèlè funfun, ó sì to ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn. Àkàrà ni ó ń dín. Ó rí wa, ó gbé ìkòkò epo kúrò lórí iná, ó sì sáré wá. Ní ẹnu kan, ó ní kí á gbé bàbá wá sábẹ́ igi rẹ̀. Ó bọ́ agbádá kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó rẹ aṣọ sínú omi, ó fi lé e ní ọrùn àti ní abíyá, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí àpótí. Ó mú abẹ̀bẹ̀ tí ó fi ń fẹ́ná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ ẹ. Nígbà tí bàbá lajú, ó fún un ní omi àgbọn díẹ̀díẹ̀, kò jẹ́ kí ó gbé e mu lẹ́ẹ̀kan. Ó tó wákàtí kan kí bàbá tó lè jókòó dáadáa.

Ohun tí bàbá kọ́kọ́ sọ ni pé, “Ẹ gba abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ìyá, ó ti rẹ̀ ẹ́.” Ìyá náà dáwọ́ dúró. Ó na ohun ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó ní, “Abebé?” Bàbá dáhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, abẹ̀bẹ̀.” Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wa: ó ní orúkọ mìíràn ni àwọn ń pe abẹ̀bẹ̀ ní ojoojúmọ́ ní èdè Pọtogí, abẹ̀bẹ̀ bíi ti Ọ̀ṣun nínú ilé ìsìn ni àwọn ń pè ní abebé, òun kò sì tíì gbọ́ ọ rí láti ẹnu ẹni tí ó fi ń béèrè ohun tí a fi ń fẹ́ ara lásán. Àkàrà tí ó ń dín náà, acarajé ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀wà tí a bó, tí a lọ̀, tí a dín nínú epo pupa, bí ìyá wa àgbà ti í ṣe é.

A bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ni ó gbin igi tí a wà lábẹ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun bá a níbẹ̀ ni. Ó sọ fún wa pé ní ilé ìsìn àwọn, igi kan wà tí àwọn ń pè ní Ìrókò, tí àwọn ń di ọ̀já funfun mọ́ nídìí. Kì í ṣe ìrókò tiwa, nítorí ìrókò wa kì í hù lọ́hùn-ún. Gameleira ni, igi tí àwọn onímọ̀ ewéko fi sí ìdílé kan náà pẹ̀lú odán. Ó sọ nípa ilé àtijọ́ kan ní ìlú náà, Casa Branca, pé ní ọdún 1984 ìjọba Bràsíl pinnu láti kọ ọ́ sínú ìwé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bàjẹ́, àti ilé, àti ilẹ̀, àti igi inú rẹ̀. Kì í ṣe nítorí ìsìn ni a fi ń sọ èyí. Onígbàgbọ́ ni àwa, bàbá sì jẹ́ Mùsùlùmí. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé àwọn tí a kó lọ láìsí ohunkóhun lọ́wọ́ wọn wá igi tí ó jọ ti ilé, wọ́n sì gbé òfin kalẹ̀ láti dá a sí.

Ìyá náà kọ̀ láti gba owó lọ́wọ́ wa. Agogo mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni a fi ọkọ̀ gbé bàbá dé èbúté, àlàáfíà ni a sì fi wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ó bá rin irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáde ní òwúrọ̀, ẹ wọ aṣọ fúyẹ́, ẹ mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín, kí ẹ sì wá ìbòòji jókòó ní ọ̀sán.

Ǹjẹ́, ìdí ọ̀rọ̀ wa nìyí. Ní ìpàdé oṣù tí ó kọjá, ẹgbẹ́ wa gbèrò láti gé igi odán mẹ́ta tí ó kù ní ọjà, kí á lè kọ́ ṣọ́ọ̀bù 12 síbẹ̀. Àwa náà nawọ́ pẹ̀lú àwọn tí ó ní kí á gé e. A kò gbọdọ̀ purọ́ fún yín. Nígbà tí a délé, oorun kò kùn wá. A rántí bàbá lórí ilẹ̀, a sì bi ara wa pé: bí ó bá jẹ́ ọjà tiwa ni àlejò kan ti ṣubú ní ọ̀sán, abẹ́ kí ni a ó gbé e sí? Abẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù?

A mọ̀ pé ẹgbẹ́ ń fẹ́ owó. A mọ̀ pé ewé odán ń dí gọ́tà, pé ẹyẹ ń yàgbẹ́ sórí ọjà àwọn ìyá wa. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n gọ́tà ṣeé gbá ní ọjọ́ kan. Odán kò ṣeé dá padà ní ìran kan. Bí a bá ń gé igi nígbó, kí á fi ọ̀ràn ro ara wa wò. Àmọ̀ràn wa ni pé kí á kọ́ ṣọ́ọ̀bù náà sí ilẹ̀ ibùdókọ̀ àtijọ́ tí koríko ti bò. Kí á rẹ́ ẹ̀ka igi tí ó ti gbẹ. Kí ẹ̀yin ọmọ wa tí ó wà ní ìdálẹ̀ fi owó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kan sí ìdí odán, kí á sì to àga gígùn yí i ká.

Àwọn ọmọ àwọn tí a kó lọ ti ń wá ilé wò. Bí wọ́n bá dé ìlú wa ní ọ̀sán gangan, kí wọ́n rí ibi jókòó. A ti jókòó sábẹ́ igi tiwọn.

Alàgà, ọwọ́ tí a nà ní oṣù tí ó kọjá, a ká a kò lónìí. Kí Ọlọ́run kí ó dá ìlú wa sí.