Dùndún Nínú Ṣọ́ọ̀ṣì
 

Mo fẹ́ràn orin. Mo fẹ́ràn eré orí ìtàgé. Mo sì fẹ́ràn Jésù. Ta ló ní dandan ni kí n yan ọ̀kan?

Ẹ rántí Dúró Ládiípọ̀, òṣèré orí ìtàgé, ọmọ olùkọ́ ìjọ Áńgílíkà. Ní Òṣogbo, ó kọ orin Àjíǹde, ó gbé dùndún wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan fárígá. Awọ ewúrẹ́, igi, ọṣán tí onílù ń fún mọ́ ìhà: èwo ló ṣẹ Ọlọ́run nínú wọn? Dúró ò jáwọ́. Lónìí ńkọ́? Dùndún ń dún nínú ṣọ́ọ̀ṣì káàkiri.

Ẹ̀yin àgbà ìjọ, bí ọmọ yín bá gbé ohun tuntun wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná.