Èdè Ilé Kì Í Ṣe Ọ̀tá Ìwé

A mọ̀ pé ibi iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ yín ti ń bọ̀: àwọn kan láti ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, àwọn kan láti ọjà, àwọn kan láti etí ọ̀sà ní Bàrígà. A kò ní dá yín dúró pẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ni a fẹ́ bá yín sọ. Láti ìgbà tí ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ ti ń bi wá pé: “Ẹ̀yin olùkọ́, ṣé kí a má sọ Yorùbá sí ọmọ mọ́ nílé, kí Gẹ̀ẹ́sì lè tètè yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu?” Ìbéèrè gidi ni. Kò sí òbí tí kò fẹ́ kí ọmọ òun ju òun lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn tí ó wádìí ọ̀rọ̀ náà rí.

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Ford Foundation ti Amẹ́ríkà fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ń ṣe bí a ti ń ṣe níbi gbogbo: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn yòókù fi Yorùbá kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Wọn kò pa Gẹ̀ẹ́sì tì o! Olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ dáadáa ni ó ń kọ́ wọn ní èdè náà lọ́tọ̀.

Kí ni wọ́n rí? Àwọn ọmọ tí ó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́fà ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, wọn kò rẹ̀yìn.

Báwo ni èyí ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ẹ gbọ́ ná. Bí olùkọ́ bá fi èdè tí ọmọ kò gbọ́ kọ́ ọ ní ìṣirò, ẹrù méjì ni ó gbé lé e lórí: ẹrù èdè àti ẹrù ìṣirò. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti bá ìyá rẹ̀ pín ọsàn sí ọ̀nà mẹ́rin ti mọ ohun tí à ń pè ní ìdá mẹ́rin. Orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó kù kí ó kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀wé ní Ṣómólú, ẹ mọ èyí jù wá lọ. Bí àwọ̀ àkọ́kọ́ bá yẹ̀ lórí ìwé, ǹjẹ́ àwọ̀ kejì lè bọ́ sí àyè rẹ̀? Kò lè ṣeé ṣe.

Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ fi í sínú ìlànà ètò ẹ̀kọ́ pé kí a fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, wọ́n fọwọ́ sí i pé kí ó jẹ́ ọdún mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé ìlànà ti 2022 náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sí ọwọ́ yín? Ohun tí ilé-ìwé kò bá ṣe mọ́, ilé ni yóò ṣe é.

Ẹnìkan lè sọ pé: “Modákẹ́kẹ́ kì í ṣe Bàrígà.” Òótọ́ ni. Yorùbá ni gbogbo ilé ń sọ níbẹ̀. Níhìn-ín, ọmọ Ìlàjẹ, ọmọ Ègùn, ọmọ Ìgbò àti ọmọ Haúsá lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Bí a bá fi Yorùbá nìkan kọ́ kíláàsì, ọmọ Ìgbò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lè jókòó bí odi, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tiyín ti lè jókòó bí odi nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó dára fún ọmọ tiwa ni kí a fẹ́ fún ọmọ ẹlòmíràn.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a bẹ̀ yín kí ẹ ṣe.

Èkíní, ẹ máa sọ èdè ilé yín sí ọmọ, ì báà jẹ́ Yorùbá, ì báà jẹ́ Ègùn. Ẹ bá a ka owó ọjà, ẹ pa àlọ́ fún un, ẹ jẹ́ kí ó bi yín ní ìbéèrè.

Èkejì, ẹ ka ìwé yìí sókè sí i létí lálaalẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ojú ewé kan ṣoṣo. Kí òun náà sọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́ nílé-ìwé fún yín. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín fi èdè ọmọ ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ọmọ kan kò bá gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ, ẹ bẹ olùkọ́ kí ó fi í sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ tí ó gbọ́ èdè méjèèjì, kí ó máa túmọ̀ fún un.

Àwọn àgbà ní, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ẹ bá délé lálẹ́ òní, ẹ pe ọmọ yín jókòó, kí ẹ ṣí ìwé yìí. Ó dàárọ̀ o.